Ọkùnrin tí Mo Dá Dúró sójú Tẹlifíṣọ̀n

Bódìjà, Ìbàdàn
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, 2025

Suhail, Àjàmú mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú òtútù. Ṣé ara le? Èjìká ọ̀tún rẹ ńkọ́, níbi tí ògì gbígbóná ti jó ọ ní kékeré, ṣé òtútù kì í jẹ́ kó dùn ọ́? Èmi ni mo gbé ìkòkò ògì náà sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ tó o, mi ò sì tíì yéé bi ọ́ léèrè rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Má sọ pé mò ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ara tèmi náà le, àfi etí. Dókítà ní ti òsì ti lọ pátápátá, ti ọ̀tún ti ń palẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o má pè mí lórí fóònù mọ́. Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Iléyá, "ẹ̀n, ẹ̀n" ni mo ń sọ, mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn tí o pa fóònù, mo jókòó, mo sunkún. Ìpè fídíò tí à bá fi máa rí ojú ara wa, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ yín kò gbé e. Ó dáa, kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyábọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Agbowó, òun náà ló ń ya fọ́tò tèmi ránṣẹ́ sí ọ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà. Ìwé kò lè sú mi.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tẹlifíṣọ̀n bàbá rẹ ti kú. Kì í ṣe ikú òjijì. Ìlà kan ló kọ́kọ́ fà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó di méjì, ó di márùn-ún, lánàá ó dijú pátápátá. Ẹni tí etí rẹ̀ ti dí, tí tẹlifíṣọ̀n tún dijú mọ́ lọ́wọ́, kí ló kù fún un nínú ilé? Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, èmi àti tẹlifíṣọ̀n yẹn la jọ ń gbé. Bá mi wá òmíràn. Má kàn ra èyí tí o bá kọ́kọ́ rí o. Wọ́n ní oríṣìíríṣìí ló wà báyìí.

Ìyá rẹ,
Àbẹ̀ḿbí


Hull
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Màámi, Àlájà mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó fèsì, iṣẹ́ ni. Èjìká mi kò dùn mí rárá, ẹ yéé dá ara yín lẹ́bi, ẹ jọ̀ọ́.

Mo ti wádìí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó fẹ́ gbéyàwó. Mẹ́ta ni wọ́n. LED lásán, iná ló wà lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀, tó ń tàn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kò wọ́n, ó sì ń pẹ́. QLED ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni iná tirẹ̀ wà, àmọ́ wọ́n fi nǹkan kan síwájú iná yẹn tó ń jẹ́ kí àwọ̀ mú dáadáa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ débi pé oòrùn kò lè borí rẹ̀. Ìkẹta ni OLED. Kò sí iná kankan lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ẹyọ tíntìntín tó wà lójú rẹ̀ ló ń tàn fúnra wọn, èyí tí kò bá sì níṣẹ́ á kú fin-ín. Ìdí nìyẹn tí dúdú rẹ̀ fi ń jẹ́ dúdú. Ẹ̀gbẹ́ yòówù kéèyàn jókòó sí, àwòrán rẹ̀ kì í ṣá. Àléébù rẹ̀ ni pé tí àwòrán kan bá dúró sójú kan pẹ́ jù, àpá rẹ̀ kì í lọ mọ́.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ sọ fún mi: ṣé oòrùn ṣì ń wọ pálọ̀ láti wíńdò tó kọjú sí ọgbà Bàbá? Ẹ̀yin mélòó lẹ máa ń wò ó? Ibo lẹ máa ń jókòó sí? Ní tèmi o, QLED ni màá mú fún yín.

Ọmọ yín,
Suhail


Bódìjà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Àjàmú,

Ìbéèrè mẹ́ta lo bi mí, màá dáhùn wọn bó ṣe tẹ̀ léra. Oòrùn ń wọlé láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹni mélòó? Ẹyọ kan. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹyọ kan ni. Ibo ni mo ń jókòó sí? Àga bàbá rẹ ni, torí tí mo bá jókòó sórí tèmi, tirẹ̀ ni màá máa wò.

Èmi àti Ìyábọ̀ ti lọ bá Adégbénró, ọ̀gbẹ́ni tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Ring Road. Ó tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún mi, ó ń fi ẹja aláràbarà àti òdòdó hàn mí. Mo ní rárá o, èmi kì í wo ẹja, kó bá mi yí i sí tẹlifíṣọ̀n Mẹ́kà, èyí tó máa ń ṣàfihàn Káábà tọ̀sán tòru. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí i. Suhail, lójú LED, bí eérú ni aṣọ dúdú tó bo Káábà rí. Lójú QLED ó dúdú díẹ̀, bí ìdí ìkòkò tí wọ́n họ tì. Lójú OLED, ó dúdú bí mo ṣe rí i lọ́dún 2009, nígbà tí èmi àti bàbá rẹ dúró níwájú rẹ̀, tó di ọwọ́ mi mú kí èrò má baà gbé mi lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. OLED ni mo fẹ́. Màá ra kọ́tìnì tó nípọn nítorí oòrùn.

Àdúà ọdún kejì bàbá rẹ bọ́ sí oṣù kẹrin. O ò sí níbi ìsìnkú, o ò sí níbi àdúà ọdún kìíní. O ní ìwé ìgbélùú rẹ ti pé ní Ìlú Ọba níbẹ̀, o ní kò sí wàhálà. Kí ló wá dé? Èmi ò bẹ̀ ọ́ o. Mò ń béèrè ni.

Àbẹ̀ḿbí


Hull
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìmúra àwẹ̀. Ó ti di OLED náà nìyẹn, ta ni mo jẹ́ láti bá aṣọ Káábà du ipò? Mo ti bá Adégbénró sọ̀rọ̀, ó máa gbé e wá lọ́jọ́bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má jẹ́ kí àwòrán kan dúró gbagidi sójú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ pa á. Tí ẹ bá ń lọ síbi kan, ẹ pa á.

Ní ti wíwá sílé, wọn ò fún mi láyè tó tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún mi nínú àwẹ̀, mo sì ti pinnu láti fi ṣe Ùmúrà, kí n lè ṣàdúà fún ẹ̀yin àti Bàbá níwájú Káábà gan-an. Mo mọ̀ pé inú yín á dùn sí i. Ẹ tiẹ̀ lè máa wò mí láti orí àga.

Suhail


Bódìjà
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Suhail,

Tẹlifíṣọ̀n ti wọlé, wọ́n ti so ó mọ́ ògiri. Nígbà tí Adégbénró tàn án, mo lọgun, Ìyábọ̀ sáré gun òkè wá, ó rò pé mo ṣubú ni. Ọlọ́hun á máa ṣe tìrẹ náà ní rere.

Inú mi dùn sí Ùmúrà rẹ. Inú mi ò sì dùn. Ẹni tó lè dé Mẹ́kà, ṣé Ìbàdàn ló wá jìnnà sí? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àsáláátù wa ní Baṣọ̀run, wọ́n ní kí n dákẹ́, kí n máa dúpẹ́, pé ọmọ tó bá rántí Mẹ́kà kò ní gbàgbé ìyá rẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́.

Sọ ọjọ́ tí o máa dé ibẹ̀ fún mi, àti àsìkò tí o máa ń yí Káábà po. Ẹ̀fẹ̀ lo fi ṣe pé kí n máa wò ọ́ láti orí àga. Èmi ò ṣe ẹ̀fẹ̀. Màá máa wò ọ́.

Ìyá rẹ


Mẹ́kà
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Màámi,

Mo ti dé láyọ̀. Èrò pọ̀ bí eṣú. Mo ti dárúkọ yín, mo ti dárúkọ Bàbá. Lẹ́yìn Aláásárì ni mo sábà máa ń lọ yí i po. Ẹ má fi àwẹ̀ lẹ́nu jókòó ti tẹlifíṣọ̀n jù o, ẹ ò lè rí mi láàárín èrò tó tó báyìí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ẹ jẹ́ n dúró níbí.

Suhail


Bódìjà
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Suhail, ọmọ mi,

Ó di ọjọ́ mẹ́fà tí mo ti jókòó. Tí mo bá ti kírun Aláásárì tán, mi ò kúrò níwájú rẹ̀ títí wọ́n fi ń ṣínu. Ojú ń ta mí. Àwọn ọkùnrin ń kọjá, aṣọ funfun lọ́rùn, èjìká ọ̀tún níta, ọmọ ẹnìkan ni gbogbo wọn. Lánàá, Sátidé, kámẹ́rà sún mọ́ wọn, ọkùnrin kan sì yíjú. Orí rẹ, ìpénpéjú rẹ, bí bàbá rẹ ṣe máa ń tẹ ọrùn. Subuhanalahi! Mo pariwo. Mo tẹ ibi tó ń dá àwòrán dúró lójú rìmóòtù, ó dúró. Mo dìde, mo sún mọ́ ọn títí imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, mo wò ó láti orí dé èjìká. Tẹlifíṣọ̀n yìí mọ́ o. Òógùn ara rẹ̀, mo rí i.

Mo pe Ìyábọ̀, ó ní ìwọ ni. Àwọn ìyá àsáláátù wá, àwọn méje, wọ́n ní ìwọ ni, wọ́n ṣàdúà fún ọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwòrán náà ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó máa ń fẹ́ ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, àmọ́ Ìyábọ̀ ti bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń yọ ìyẹn. Mo rántí ohun tí o sọ o, kì í ṣe pé mo gbàgbé.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Ní Sátidé, lẹ́yìn Aláásárì, ṣé ìwọ ni?

Àbẹ̀ḿbí


Hull
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìṣínu, Ọlọ́hun á gba àwẹ̀ wa. Mo ti padà sí Hull.

Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, èmi ni. Ojú yín mú ju ti ọmọdé lọ! Mo tiẹ̀ rántí pé mo yíjú lọ́jọ́ náà. Ẹ wá pa á báyìí, ẹ ti rí mi. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá.

Suhail


Bódìjà
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Suhail,

Mi ò fèsì láti ọjọ́ ọdún. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí. A ti ṣe àdúà bàbá rẹ. Afáà béèrè rẹ, mo ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Ó ní ó yẹ kí o gba Ìbàdàn kọjá.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ọkùnrin yẹn fi dúró sí pálọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni òjò ṣú fún ọjọ́ méjì, iná ìjọba ò wá, bátìrì sólà sì tán. Tẹlifíṣọ̀n kú. Nígbà tí mo tún un tàn, ọkùnrin náà ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti di òjìji. Mo yí i sí ìròyìn, òjìji náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kà á. Mo yí i sí bọ́ọ̀lù, ó dúró láàárín pápá, wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀.

Adégbénró wá wò ó. Ó ní ibi tó funfun ló ṣiṣẹ́ jù, pé ó ti rẹ àwọn ẹyọ ibẹ̀, wọn ò lè tàn bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ibi tó dúdú, níbi tí aṣọ Káábà wà, sinmi ní tiẹ̀, ibẹ̀ nìkan ló ṣì mọ́ bíi tuntun. Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Bébà náà wà nínú Kùránì mi.

Àbẹ̀ḿbí


Hull
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Màámi,

Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá le. Àbí mi ò sọ ọ́ ni? Mo ní QLED, ẹ ní aṣọ Káábà. Mo ní ẹ má jẹ́ kí àwòrán dúró, ẹ dá a dúró fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko! Ẹ tún kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ rántí. Ó ti yẹ kí n mọ̀. Àwọn tó ṣe é ò ní pààrọ̀ irú èyí fún wa, wọ́n á ní olówó rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́, wọn ò sì purọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. Mo ti sọ fún yín pé èmi ni. Kí ló dé tí ẹ ò pa á?

Suhail


Bódìjà
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Suhail,

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn dáa, mo fún ọ ní máàkì. Ṣùgbọ́n dáhùn tèmi kí n tó dáhùn tìrẹ. Mo tún bi ọ́ o: ní Sátidé yẹn, lẹ́yìn Aláásárì, níbo lo wà?

Àbẹ̀ḿbí


Hull
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Ìyábọ̀, jọ̀ọ́, tẹ èyí jáde fún wọn, má kà á.

Màámi,

Mo kọ ìwé yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo fa mẹ́rin ya.

Mi ò lọ Mẹ́kà. Hull níbí ni mo wà. Ní Sátidé yẹn, mò ń nu ilẹ̀ nílé àwọn arúgbó tí mò ń bá wọn ṣiṣẹ́. Màmá kan wà níbẹ̀ tí etí rẹ̀ ti dí bíi tiyín, ó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, òun nìkan. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ìwé ìgbélùú mi kò pé. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba. Tí mo bá jáde nílùú yìí kí wọ́n tó dá mi lóhùn, mi ò lè wọlé mọ́. Ohun tí kò jẹ́ kí n wá sin Bàbá nìyẹn. Mo ní kò sí wàhálà torí pé ẹ ti sọ fún gbogbo Bódìjà pé ọmọ yín ti rọ́wọ́ mú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí dáa, Màámi. Yàrá tí mò ń gbé ni mi ò fẹ́ kí ẹ rí nínú fídíò, àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ wá béèrè pé kí ló dé tí mi ò wá, irọ́ Ùmúrà ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo rò pé ẹ ó máa yọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, pé ìyẹn á dín ìbànújẹ́ yín kù. Nígbà tí ẹ ní ẹ rí mi, mi ò ní ìgboyà láti gba ayọ̀ náà lọ́wọ́ yín.

Ọkùnrin yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi kọ́. Ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ n ra òmíràn fún yín, kí ẹ má máa wo òjìji àjèjì nínú pálọ̀ Bàbá.

Suhail


Agbowó
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n Suhail,

Ẹ ǹlẹ́ o. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ìlà tí ẹ ti dárúkọ mi nìkan ni mo kà. Àlájà kà á lórí àga, wọ́n ká a, wọ́n fi sábẹ́ tìmùtìmù, wọ́n sì jókòó lé e. Láti ọjọ́ náà wọn ò tan tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò tíì kọ nǹkan kan fún mi láti yà ránṣẹ́. Wọ́n ń jẹun o, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìyábọ̀


Bódìjà
Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Suhail Àjàmú, ọmọ tí ògì gbígbóná jó,

Mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó ń dúró de ìwé.

O ti dáhùn tèmi, ó ku tìrẹ. Lọ́jọ́ tí mo dá ọkùnrin yẹn dúró, kí n tó pe ẹnikẹ́ni, èjìká ọ̀tún rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ìta gbangba ló wà, aṣọ ò bò ó. Ó jọ̀lọ̀, kò sí àpá kankan níbẹ̀. Ká ní èyí tó dà bí eérú yẹn ni mo rà ni, mi ò bá má mọ̀, mi ò bá ṣì máa yọ̀. Èyí tí mo fi ẹnu ara mi yàn kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Mo ti mọ̀ kí Ìyábọ̀ tó gun òkè wá. Mo mọ̀ nígbà tí àwọn ìyá méje ń ṣàdúà fún ọ, mo sì ń ṣe àmín, torí ọmọ mi ni wọ́n dárúkọ.

Mo kọ̀wé bi ọ́ torí ó lè jẹ́ pé o wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí n kàn má rí ọ. O ní "èmi ni". Ìyẹn ló dùn mí, Suhail. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ò dùn mí, ìwé á jáde lágbára Ọlọ́hun. Òwe irọ́ àti ogún ọdún, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, mi ò ní pa á.

Ṣùgbọ́n mi ò pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sì sí ojú kankan nínú ilé yìí tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yẹn jọ ọ́. Mo máa ń kí i láàárọ̀. Mo máa ń sọ fún un pé iyọ̀ ọbẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ọgbà bàbá rẹ ti di igbó. Mi ò gbọ́ ohùn ara mi dáadáa mọ́, síbẹ̀ mò ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó máa fi àpá sílẹ̀, mo ní kó fi sílẹ̀. Abiyamọ kan ló bí òun náà, mo ti bá ìyá rẹ̀ ṣàdúà fún un.

Má ra tẹlifíṣọ̀n kankan. Má sì bẹ̀ mí mọ́, ọjọ́ tí mo ka ìwé rẹ ni mo ti dárí jì ọ́, inú ló kàn ń bí mi. Ohun kan ni mo fẹ́. Bọ́ apá ẹ̀wù rẹ ọ̀tún, kọjú sí wíńdò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí o ya fọ́tò ojú rẹ àti èjìká yẹn, kí àpá ògì náà hàn dáadáa. Yàrá yòówù kó wà lẹ́yìn rẹ, jẹ́ kó hàn. Ìyábọ̀ ní òun á gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n fún mi. Tí Aláásárì bá tó, màá pa á bí o ṣe ní kí n máa ṣe, kó lè wà fún mi lọ́la.

Ìyá rẹ,
Àbẹ̀ḿbí